YÍYAN ÌLÀNÀ ÌKÁPÁ SÚNKẸRẸ-FÀKẸRẸ LÓRÍ ÌSOPỌ̀ KỌ̀ǸPÚTÀ: Ọ̀NÀ ṢÚPÁRÈ ÀKÓKÓ GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

0.0 ÌFÁÁRÀ

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí a yan ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye dátà tí yóò fi sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀nà má baà dí. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ pọ̀. A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà pé èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ó yá jù, nítorí náà kí a gbé e ka orí gbogbo ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ parí. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ kò lè parí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà kan kò bá gbogbo ọ̀nà mu. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú yíyàn:

(1) (a) Kí ni ó ń fa ìpàdánù dátà lójú ọ̀nà tí a ń lò?
(b) Ta ni ó ń fi dátà ránṣẹ́?
(d) Àwọn wo ni wọ́n jọ ń lo ọ̀nà náà?

Ṣúpárè Àkókó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, tí Ọ̀kà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, nítòsí Àkùngbá tí Yunifásítì Adekunle Ajasin wà. Ìdí tí a fi yàn án ni pé bí ẹni tí ó wà níbẹ̀ bá ń gba dátà láti Yúróòpù, oríṣi ọ̀nà mẹ́ta ni dátà náà gbọ́dọ̀ gbà: òkun láti Yúróòpù dé Èkó, ilẹ̀ láti Èkó dé Àkókó, àti afẹ́fẹ́ láàárín àpáta láti orí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù dé ọwọ́ ẹni tí ń lò ó. Ìwà tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń hù yàtọ̀.

1.0 KÍ NI SÚNKẸRẸ-FÀKẸRẸ?

Dátà kì í rìn ní odidi. Kọ̀ǹpútà a máa gé e sí ìdì kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ. Bí ìdì kan bá dé, ẹni tí ó gbà á yóò dá ìjẹ́rìí padà pé ó ti dé. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí ìdì kúrò àti ìgbà tí ìjẹ́rìí rẹ̀ dé ni a ó máa pè ní àkókò àlọ-àtàbọ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn ráútà ni ó ń gba ìdì tí wọ́n sì ń tì í síwájú. Bí ìdì tí ó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tí ó lè jáde lọ, wọn yóò tò sí ìlà. Bí ìlà bá kún, ráútà yóò da èyí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nù.

Ẹni tí ó bá ti bá ọkọ̀ wọ Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ ọjà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kò bàjẹ́, ọ̀nà kò sì já. Àwọn tí ó fẹ́ gba ibi tóóró kan kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà. Awakọ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tí ó wà níwájú. Kọ̀ǹpútà tí ń fi dátà ránṣẹ́ kò rí ohunkóhun. Àmì nìkan ni ó ń kà, kí ó tó pinnu bóyá kí òun tẹ̀ síwájú tàbí kí òun rọra.

Ní oṣù October 1986 ni àìsí ìlànà tí ó péye hàn kedere. Láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọn kò jìnnà síra ju nǹkan bí 400 yáàdì lọ, ìsáré dátà já láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 40 péré. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí kò rí ìjẹ́rìí ń tún ìdì kan náà rán, bẹ́ẹ̀ ni àtúnrán wọ̀nyí sì ń dá kún ohun tí ó dí ọ̀nà. Van Jacobson àti Michael Karels ni wọ́n gbé ojútùú jáde ní 1988: kí olùfiránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdì díẹ̀, kí ó máa fi kún un bí ìjẹ́rìí bá ṣe ń dé, kí ó sì fà sẹ́yìn kíákíá bí ìdì bá sọnù. Láti inú iṣẹ́ yìí ni àwọn ìlànà tí a ń lò lónìí ti ṣẹ̀.

2.0 ÀMÌ TÍ ÌLÀNÀ KỌ̀Ọ̀KAN Ń KÀ

A lè pín àwọn ìlànà tí ó gbajúmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àmì tí wọ́n ń kà.

2.1 Àwọn tí ń ka ìpàdánù. Reno jẹ́ ọ̀kan nínú ìsọ̀rí yìí. Bí ìdì kan bá sọnù, Reno gbà pé ìlà kan ti kún níbì kan. Yóò gé iye ìdì tí ó ń fi sójú ọ̀nà sí ìdajì, lẹ́yìn náà yóò máa fi ẹyọ kan kún un ní àlọ-àtàbọ̀ kọ̀ọ̀kan. CUBIC náà ń ka ìpàdánù, ṣùgbọ́n ìdá 30 nínú 100 ni ó ń gé kúrò, ó sì ń tètè padà sí ibi tí ó wà kí ìdì tó sọnù. CUBIC ni Linux ń lò láti 2006 bí ẹnikẹ́ni kò bá yàn òmíràn, àjọ IETF sì gbé e sí ipò ìlànà àjùmọ̀gbà ní 2023.

2.2 Àwọn tí ń ka ìdádúró. Vegas, tí Brakmo àti Peterson gbé jáde ní 1994, kì í dúró di ìgbà tí ìdì bá sọnù. Bí ó bá rí i pé àkókò àlọ-àtàbọ̀ ń gùn sí i, ó gbà pé ìlà ti ń gùn, yóò sì rọra. Àléébù rẹ̀ ni pé bí òun àti Reno bá pàdé lójú ọ̀nà kan, Vegas yóò máa yàgò nígbà tí Reno ń ti ara rẹ̀ wọlé. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni yóò pàdánù.

2.3 Àwọn tí ń wọn ọ̀nà fúnra rẹ̀. BBR, tí àwọn onímọ̀ Google gbé jáde ní 2016, ń wọn nǹkan méjì: ìsáré tí ó ga jù tí ọ̀nà gbà á láyè, àti àkókò àlọ-àtàbọ̀ tí ó kúrú jù. Láti inú méjèèjì ni ó ti ń ṣírò iye ìdì tí yóò kún ojú ọ̀nà láìjẹ́ kí ìlà gùn. BBR àkọ́kọ́ kò ka ìdì tí ó sọnù sí àmì pé kí ó rọra. Ní 2019 àti 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta jáde, tí wọ́n fi ìkíyèsí ìpàdánù kún un.

Ó hàn nínú èyí pé ìtumọ̀ àmì ni àríyànjiyàn tí ó wà láàárín wọn. Ìbéèrè tí ó kàn ni pé: lójú ọ̀nà Ṣúpárè, kí ni àmì wọ̀nyí túmọ̀ sí?

3.0 ÌTUMỌ̀ ÀMÌ LÓJÚ Ọ̀NÀ ṢÚPÁRÈ

Òkè àti àpáta ni ó yí agbègbè Àkókó ká. Bí àpáta bá dúró láàárín òpó àti ẹni tí ń lo tẹlifóònù, ìgbì redio yóò rẹ̀, àwọn ìdì kan yóò sì bàjẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìpàdánù irú èyí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀nà lè ṣófo pátápátá kí ìdì ṣì sọnù. Reno kò mọ èyí. Yóò fà sẹ́yìn lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo bí ó ti pọ̀ tó. Mathis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1997 pé ìsáré Reno kò lè ju ìwọ̀n ìdì lọ́nà 1.22, tí a fi àkókò àlọ-àtàbọ̀ pín, tí a sì tún fi gbòǹgbò onílọ́po-méjì ìdá ìpàdánù pín. Okùn abẹ́ òkun MainOne, tí ó so Èkó mọ́ Potogí láti 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Nínú okùn onígíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ-àtàbọ̀ lórí okùn yìí nìkan yóò tó ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí a bá fi ìrìn orí ilẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́ kún un, a lè mú 100 fún àpẹẹrẹ. Bí ìdì bá jẹ́ 1,460 báìtì, èyí ni a ó rí:

(2) (a) Láti Yúróòpù, bí ìdì 1 bá ń sọnù nínú 10,000: nǹkan bí mẹ́gábíìtì 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
(b) Láti Yúróòpù, bí ìdì 1 bá ń sọnù nínú 100: nǹkan bí 1.4.
(d) Láti Èkó, tí àlọ-àtàbọ̀ jẹ́ 20, bí ìdì 1 bá ń sọnù nínú 100: nǹkan bí 7.

Bí ọ̀nà náà tilẹ̀ lè gbé mẹ́gábíìtì 50, 1.4 náà ni Reno yóò mú jáde ní (2b). CUBIC sàn ju Reno lọ lórí ọ̀nà gígùn tí ìpàdánù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí ìpàdánù bá ti tó ti (2b), àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. BBR ni ó fakọyọ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí kò ka ìdì tí àpáta gbà sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un. Ẹ̀rọ redio òde òní fúnra rẹ̀ a máa tún ìdì tí ó bàjẹ́ rán kí olùfiránṣẹ́ tó mọ̀. Ìpàdánù á dín kù, ìdádúró á sì máa pọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Èyí gba Reno àti CUBIC sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Vegas ni ó ń ṣì lọ́nà, nítorí yóò rò pé ìlà ni ó gùn.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Dátà tí ó ń gba orí wọn níláti wá ọ̀nà mìíràn gbà, bí Equiano tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹrù okùn mẹ́rin bá já lé okùn díẹ̀ lórí, ìdì tí ó bá sọnù lórí wọn jẹ́ àmì súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gidi, ẹni tí kò bá sì kà á sí yóò máa fìyà jẹ àwọn yòókù. Ọwọ́ ẹnì kan náà ní Ṣúpárè ni ìdì méjèèjì kò dé. Àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn ta kora.

4.0 TA NI Ó Ń YÀN?

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń gbàgbé ni pé olùfiránṣẹ́ ni ó ń lo ìlànà wọ̀nyí, kì í ṣe olùgbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣúpárè bá ń wo ẹ̀kọ́ lórí YouTube, Google ni ó yan ìlànà tí ń darí dátà náà. Ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá yí padà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò kan èyí tí ó ń gbà. Èyí tí ó ń fi ránṣẹ́ nìkan ni ó kàn. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá yí ìlànà padà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń retí kí gbígba dátà yá sí i, ń fọ́n omi sí ẹ̀yìn agbada ni.

Ṣùgbọ́n agbára wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní Àkókó ní ibi mẹ́ta. Èkíní ni kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń pín èsì ìdánwò àti ìwé fún àwọn tí ó wà lóde. Èkejì ni ìlà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ilé ẹ̀kọ́. Bí ìlà yìí bá gùn jù, CUBIC yóò kún un kí ó tó mọ̀, ìpè ẹlòmíràn yóò sì máa gé. Nichols àti Jacobson gbé CoDel jáde ní 2012 láti máa dín irú ìlà bẹ́ẹ̀ kù. FQ-CoDel sì tún ń ya ìlà oníkálukú sọ́tọ̀, kí ẹnì kan má baà gba ojú ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni kí a mú ohun tí a ń wá súnmọ́ ilé. Bí a bá fi (2b) wé (2d), a ó rí i pé ìlọ́po márùn-ún ni ìsáré fi pọ̀ sí i láìyí ìlànà padà rárá. Èyí ni iṣẹ́ tí ibùdó ìpàdé IXPN, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, ń ṣe: kí dátà láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì ní Nàìjíríà má baà gba Yúróòpù lọ kí ó tó padà wálé.

5.0 ÀWỌN TÍ Ó JỌ Ń LO Ọ̀NÀ

Ẹni tí ó bá ní kí a lo BBR níbi gbogbo níláti dáhùn ìbéèrè (1d). Ware àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2019 pé ìsopọ̀ BBR kan ṣoṣo lè gba tó ìdá 40 nínú 100 àyè ọ̀nà, bí àwọn tí ó ń lo CUBIC tàbí Reno lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ tó 16. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń pín ọ̀nà tóóró kan, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsáré nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ìpín ni. Ohun tí ó yá fún ẹnì kan lè jẹ́ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mẹ́rìndínlógún.

6.0 ÀSỌKÁGBÁ

Láti inú àlàyé wa, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(3) (a) Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti jọ ń lo ọ̀nà àbájáde kan, kí a fi CUBIC sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì fi FQ-CoDel sí ẹnu ọ̀nà náà.
(b) Fún kọ̀ǹpútà tí ó ń fi dátà ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn tàbí sí orí redio tí ìpàdánù pọ̀ lórí rẹ̀, BBR yẹ; ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo irú ẹ̀dà tí ó jẹ́, nítorí èyí tí ó wọ inú Linux ní 2016 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò ka ìpàdánù sí.
(d) Kí a tó yí ohunkóhun padà, kí a wọn àkókò àlọ-àtàbọ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣófo àti nígbà tí ó kún. Bí ìpàdánù bá wà nígbà tí àkókò kò gùn, kí a fura sí redio. Bí méjèèjì bá jọ pọ̀ sí i, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni.

Àbá (3d) ni a kà sí pàtàkì jù. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ó ń gba ìdì rẹ̀ lójú ọ̀nà, bóyá àpáta ni tàbí èrò, kò tíì ní ohun tí yóò fi yan ìlànà.