Ṣé o mọ̀? Eré lè le jù lọ nígbà tí ipá di òdo

Ìgbà tí eré Usain Bolt, sárésáré nì, le jù lọ nínú ìdíje mítà 100 ní Berlin lọ́dún 2009 gan-an ni àròpọ̀ ipá tó ń tì í síwájú di òdo. Gíráàfù eré àti àkókò ló fi èyí hàn, torí pé kì í ṣe bí ìlà ṣe ga tó ló ń sọ ipá, bí kò ṣe bí ó ṣe ń yára gòkè tó. Níbẹ̀rẹ̀, ìlà náà gòkè ṣánṣán. Láàárín mítà 60 sí 80, tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 1.61 sá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnìkan lè ní, ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ta ilẹ̀ kíkankíkan? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń dí i lọ́nà àti ilẹ̀ tó ń dá a dúró nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ti jẹ ipá náà tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni gíráàfù ń kà. Lẹ́yìn náà, ìlà wálẹ̀ díẹ̀: iwájú ni Bolt ń lọ, ẹ̀yìn ni àròpọ̀ ipá kọjú sí, mítà 20 tó kẹ́yìn sì gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 1.66.