Igbó àti Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Yorùbá

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìlá-Òràngún, ní Òkè-Ìlà tàbí níbikíbi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ọ̀ṣun ní láti múra sílẹ̀ de ìbéèrè kan: bí ó bá jẹ́ pé ewé ni àwọn baba wa fi ń wo àìsàn, kí ló dé tí igbó fi di èèwọ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀, nítorí ẹni tí ó béèrè lè ti máa fa igbó náà ná. Nínú ìwádìí nípa lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà, tí a fún ní àkọlé ọdún 2018, a rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn lo igbó láàrin ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Pierre Verger, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewé tí ó jáde ní 1995, fi hàn pé orúkọ ewé, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ àti iṣẹ́ tí a ń rán ewé náà sábà máa ń so kọ́ra. Ìṣe "gbé" ni a ń gbọ́ nínú orúkọ ewé gbégbé. Ẹnìkan lè sọ pé "gbó" wà nínú igbó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ijù ni igbó. Orúkọ ibi ni a yá fún ewé yìí, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́.

Ìtàn gbe ohun tí orúkọ sọ. Ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà, lílo igbó ti pẹ́ gan-an. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tolani Asuni, oníṣègùn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ ọ́ ní 1964 pé kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa, àti pé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ja Ogun Àgbáyé Kejì ní òkè òkun ni wọ́n mú un wálé. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbìn ín.

Síbẹ̀, jíjẹ́ àjòjì nìkan kò tó láti lé ewé kan jáde nínú agbo. Láti ọ̀dọ̀ Hausa ni orúkọ dóńgóyárò ti wá, ta ni kò sì fi í se agbo ibà? Ìmọ̀ ìwọ̀n ni ó ṣe kókó. Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn adáhunṣe wa ti ń fi egbò rẹ̀ wo wèrè kí Raymond Prince tó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Wọ́n mọ ẹni tí a ń fún, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ aláìsàn náà bí ó ti ń sùn. Èròjà tí ń jẹ́ reserpine, tí ilé ìwòsàn òyìnbó lò fún irú àìsàn kan náà, wà nínú egbò yìí. Irú ìmọ̀ báyìí kò sí lẹ́yìn igbó tí a rẹ sínú ògógóró, tí a sì ń tà pẹ̀lú pàrágà ní ibùdókọ̀.

A kò sọ pé igbó kò ní ìwúlò. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn tí a yọ láti ara rẹ̀ fún irú wárápá kan tí ó le, èyí tí ó sábà máa ń ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n èròjà cannabidiol nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi THC, èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí, sílẹ̀. Ní 2019, Gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà, Rotimi Akeredolu, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ti ń gbìn ín fún oògùn. Ní oṣù Kejìlá 2020, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìbò 27 sí 25 dín òté tí ó wà lórí rẹ̀ kù. Nàìjíríà wà lára àwọn tí kò gbà. Àjọ NDLEA, tí a dá sílẹ̀ ní 1989, ṣì ń mú ẹni tí ó bá gbìn ín tàbí tí ó bá tà á. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tọ́ka sí wárápá láti gbe igbó lẹ́yìn ní kókó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwádìí ni kókó náà ti wá, kì í ṣe inú àpò adáhunṣe.