Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ lè gbé ọ láti Tarkwa Bay dé Badagry?

Omi Odò Ògùn tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 àti Agboyi ní Èkó, inú ọ̀sà Èkó ló ń bọ́ sí. Láàárín Victoria Island àti Tarkwa Bay ni ọ̀sà náà ti pàdé òkun. Láti Tarkwa Bay lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kò tún sí ẹnu omi mìíràn títí dé Cotonou, níbi tí àwọn Faransé ti gbẹ́ ọ̀kan ní 1885. Nítorí náà, ará Ketu ní Èkó tó bá ti wọkọ̀ ojú omi dé Tarkwa Bay lè fẹsẹ̀ rin etí òkun dé Gberefu ní Badagry, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ láyé ọjọ́un.

Ní Japan, wọ́n ti la irú ọ̀nà yìí: Michinoku Coastal Trail, tí wọ́n ṣí tán ní 2019, gùn ju 1,000 kìlómítà lọ, láti Hachinohe dé Soma. Etí òkun tí sùnámì bà jẹ́ ní 2011 ni wọ́n là á gbà, kí àlejò lè máa náwó láwọn ìlú náà. Ó wù mí gidigidi kí Èkó ṣe tiwa.

Bí o bá fẹ́ rìn láti Tarkwa Bay dé Badagry, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún tó sì ń fà. Bó bá ti fà ni kí o rìn, torí iyanrìn tútù le lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tó gbẹ a máa rì, orúnkún á sì máa ro ọ́. Gbé omi mímu tó pọ̀ dání. Má ṣe lúwẹ̀ẹ́ rárá: ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ.