Àyọkà Kíkà fún Ìdánwò JAMB ní Ṣómólú àti Bàrígà

Yunifásítì Èkó ní Àkọkà kò jìnnà sí ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà, ṣùgbọ́n ìdánwò JAMB ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì, oníbéèrè 60, pọn dandan nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí àyọkà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yan òótọ́ tí àyọkà kò sọ.

Bí àyọkà lórí atẹ̀wé Ṣómólú bá wí pé: ‘Iná ṣọ́ọ̀bù kú, ẹ̀rọ dákẹ́, ọ̀gá ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀,’ a lè fà á yọ pé iná mànàmáná lọ, a kò lè sọ pé epo wọ́n.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Inú ààbọ̀ náà ni odindi ti gbọ́dọ̀ jáde. Kí olùkọ́ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò yìí, kí ó sì máa bèèrè pé: ‘Ìlà wo ni ẹ̀rí rẹ wà?’