Mehmed Kejì: Ó Gba Ìlú, Àmọ́ Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Nínú Ilé Rẹ̀?

Ọmọ ọdún 12 péré ni Mehmed nígbà tí Murad bàbá rẹ̀ gbé ìjọba ilẹ̀ Ottoman lé e lọ́wọ́ lọ́dún 1444, tó sì lọ sinmi. Ìsinmi náà ò tọ́jọ́. Ogun dé láti Yúróòpù, bàbá ní láti wá ṣáájú àwọn ọmọ ogun, nígbà tó sì fi máa di 1446, ó ti padà sórí ìtẹ́. Ẹ ò rí i pé ìtìjú ńlá nìyẹn máa jẹ́ fún ọmọ náà!

Murad kú lọ́dún 1451. Kò pẹ́ tí Mehmed gorí oyè tó fi ní kí wọ́n pa ọbàkan rẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi du oyè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó wá dojú kọ Constantinople, tá a mọ̀ sí Istanbul lónìí. Odi ìlú náà ti dá ọ̀pọ̀ ogun padà. Orban, ará Hungary tó mọ àgbá ogun ṣe, ti kọ́kọ́ lọ bá Constantine Kọkànlá tó ń jọba níbẹ̀, àmọ́ apá ọba ò ká owó rẹ̀. Mehmed san án. Ní April 6, 1453, ó dó ti ìlú náà. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n irin dí ẹnu èbúté, ni Mehmed bá ní kí wọ́n to gẹdú sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá pa á, kí wọ́n sì wọ́ nǹkan bí 70 ọkọ̀ ojú omi gba orí òkè kọjá! Ìlú ṣubú ní May 29. Constantine kú sójú ogun, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́rú, ohun tí àwọn tó ń yin Mehmed kì í fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ó tún ìlú náà kọ́, ó kó Mùsùlùmí, Kristẹni àti Júù wá síbẹ̀. Àmọ́ òfin rẹ̀ gba ọba tuntun láyè láti pa àwọn arákùnrin rẹ̀, kí ìlú lè tòrò.

Nígbà tó kú ní May 3, 1481, Bayezid àti Cem, àwọn ọmọ rẹ̀, gbógun ti ara wọn. Cem sá lọ, ó sì kú sí Naples lọ́dún 1495. Nígbà tí Mehmed Kẹta jọba lọ́dún 1595, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin 19 ló ní kí wọ́n pa.