Sójà Woolwich Tó Ń Ya Àwòrán Ilẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ súnmọ́ ibí.

Gbogbo wa la mọ ọjà Beresford Square. Tí a bá ra ata tán, tí a gba inú Arsenal lọ sí etí odò, ilé bíríkì àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Láti 1741 títí di 1806, ilé ẹ̀kọ́ sójà ni. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìbọn ńlá, ìṣirò, àti, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, àwòrán yíyà. Kò kúkú sí kámẹ́rà nígbà náà. Ọ̀gá sójà tó bá fẹ́ mọ ibi tí òkè wà àti ibi tí odò gbà, àfi kí ẹnìkan yà á fún un.

Ibẹ̀ ni Thomas Davies ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n rán an lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Louisbourg ní 1758. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ogun ló ń fi ọ̀dà tí a fi omi pò ya ohun tó rí: igbó, abúlé, omi Niagara tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta.

Ó kú ní 1812 ní Blackheath, nítòsí wa níbí. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àfi ní 1953 tí àwọn àwòrán rẹ̀ jáde láti inú ilé ìkàwé Earl of Derby, tí wọ́n gbé wọn sọ́jà ní London. Ta ló rà wọ́n? Ilé àwòrán ìjọba Kánádà ní Ottawa ra púpọ̀. Ẹni tí kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà, tó wá rí ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò, ṣé yóò ná an pọ́n-ún kan?

Ohun kan ló ń dùn wá. Ní 1788, Davies ya àgọ́ àwọn onílẹ̀ ní Point Levy. A rí wọn, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ wọn.

Àwa náà ní awọnlẹ̀ tiwa. Herbert Macaulay kọ́ iṣẹ́ náà ní Plymouth. Ní 1920, ó bá Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, wá sí London nítorí ilẹ̀ Apapa tí ìjọba gbà. Ní 1921, Privy Council dá wọn láre. Nínú ìwé ẹjọ́ yẹn, orúkọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ gbọnin.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ẹ ya ohun tí ẹ ń rí lójú fèrèsé yín ní Thamesmead, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. A ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri níjọ́ ìpàdé.