Nígbà tí oògùn wárápá bá pàdé kímò nínú ẹ̀dọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ẹni tí a mọ̀. Bwari ló ń gbé, kò jìnnà sí olú ilé-iṣẹ́ JAMB. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń lo carbamazepine, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Tegretol, nítorí wárápá. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ilé ló ti ń gbà á. Lọ́dún yìí, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọyàn rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú Àbújá. Káàdì méjì, dókítà méjì, ojú fèrèsé méjì tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ara kan ṣoṣo.

Àpòòwé kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀. Bíírò ni wọ́n fi kọ "1 × 2" sí i lára. Orúkọ oògùn kò sí níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn kankan tẹ́lẹ̀?", ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé, "Rárá o, àfi oògùn funfun kékeré kan báyìí tí mo máa ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́."

Ìdáhùn yẹn lè sọ owó kímò di owó tí omi gbé lọ. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé.

Ilé ọlọ tó wà nínú ara

Ẹ̀dọ̀ dà bí ìsọ̀ àwọn tó ń lọ ata lọ́jà. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a gbé mì, tàbí tí wọ́n fà sí wa lára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kúnná kí ara tó lè dà á nù. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà là ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lórí oògùn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ní orúkọ CYP3A4.

Nígbà tí dókítà bá ń ṣírò ìwọ̀n kímò tí aláìsàn máa gbà, ohun tó ní lọ́kàn ni ìsọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ẹ̀rọ mẹ́ta ni. Oògùn wárápá mẹ́ta tó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ìsọ̀ náà tó kún. Bí kímò bá wá dé, ẹ̀rọ mẹ́ta ti di mẹ́fà. Kí oògùn tó dé ibi tí jẹjẹrẹ wà, wọ́n ti lọ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù.

Paclitaxel àti docetaxel tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọyàn wà lára àwọn tó ń fara gbá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni vincristine, etoposide àti irinotecan. Imatinib pẹ̀lú wà níbẹ̀, oníhóró tó yí ìgbé ayé àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan padà. Láti 2003 ni ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń ti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ wá gbà á. Ìlànà oògùn náà sọ ọ́ ní kedere pé bí kò bá sí bí ẹni tó ń lò ó ṣe lè yẹra fún carbamazepine tàbí phenytoin, ó di dandan kí dókítà fi kún ìwọ̀n rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo kímò ni ẹ̀rọ ń bà jẹ́. Cyclophosphamide dà bí ata tí kì í ta àfi tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Ní tirẹ̀, ẹ̀rọ tó pọ̀ jù lè mú kó tètè ta, kó sì ta ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ.

Ọmọ ogójì nínú 716

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 2000, àwọn oníwádìí ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé St. Jude, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ 716 wò, àwọn tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láàárín 1984 sí 1994. Ogójì nínú wọn ló lo oògùn wárápá mẹ́ta yẹn, ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ó kéré tán oṣù kan. Jẹjẹrẹ padà sára àwọn ọmọ ogójì yìí ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n wo bí ara ṣe ń lo kímò, wọ́n rí i pé teniposide àti methotrexate ń yára kúrò lára àwọn tó ń lo oògùn wárápá.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2003 wo àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọpọlọ, tí wọ́n ń gba irinotecan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ara àwọn tí kò lo irú oògùn wárápá bẹ́ẹ̀ lè gbà jẹ́ mílígíráàmù 117 fún mítà alábala kan ti awọ ara. Àwọn tó ń lò ó gbà tó 411. Oògùn kan náà, àìsàn kan náà, ìwọ̀n ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Bí ẹ̀rọ bá dí ńkọ́?

Valproate, tí wọ́n ń tà ní Epilim, kì í ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ. Ní tirẹ̀, ṣe ló máa ń dí lára ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, kímò kan lè pẹ́ nínú ara ju bó ṣe yẹ lọ, kí oró rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Valproate fúnra rẹ̀ sì lè dín platelet kù, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, bẹ́ẹ̀ kímò náà ń dín in kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde léyín aláìsàn tàbí ní imú rẹ̀ láìsí ìdí, kí wọ́n má fi falẹ̀.

Ti carbamazepine yàtọ̀. Ó lè dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Mùdùnmúdùn inú egungun ni wọ́n ti ń dá wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni kímò máa ń gbá mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì náà wà: kímò pẹ̀lú lè da oògùn wárápá rú. Fluorouracil àti capecitabine, tó jẹ́ oníhóró, lè mú kí phenytoin gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀ títí aláìsàn yóò fi máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Cisplatin lè mú un wálẹ̀. Wárápá tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀ yóò tún gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ilé yóò sì máa rò pé ọ̀tá ló ń ṣe é.

Lithium kì í gba ilé ọlọ kọjá

Àwọn kan kò ní wárápá, ṣùgbọ́n inú wọn máa ń ga bí ẹni fẹ́ fò, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ kú. Lithium ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fún wọn, láti ìgbà tí John Cade, dókítà ọmọ ilẹ̀ Australia, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949. Ẹ̀dọ̀ kì í lọ lithium. Irú iyọ̀ kan ni, kíndìnrín ló sì ń tọ̀ ọ́ jáde. Ojú ọ̀nà rẹ̀ tóóró: nǹkan bíi 0.6 sí 1.0 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló dára. Bó bá ti ju 1.5 lọ, ó ti ń di májèlé.

Cisplatin máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Kímò máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí omi ara bá gbẹ, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá, lithium á máa kó jọ. Bí aláìsàn bá tún lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́míìsì nítorí ara ríro, òun fúnra rẹ̀ ló ń dí ojú ọ̀nà tí lithium ń gbà jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí: èébì, ọwọ́ gbígbọ̀n, ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa àti ọ̀rọ̀ tí kò já gaara wà lára àmì pé lithium ti pọ̀ jù. Gbogbo ilé yóò sì máa sọ pé, "Kímò ni, ó máa lọ."

Ṣé kéèyàn wá dá oògùn dúró?

Rárá o. Ẹni tó bá dá oògùn wárápá dúró lójijì lè bọ́ sínú wárápá tí kò ní dáwọ́ dúró, èyí tó lè pa á kí jẹjẹrẹ tó rí i gbé ṣe. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀tẹ̀ méjì ni, kò sí làpálàpá kankan níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ dókítà ni pípààrọ̀. Levetiracetam kì í yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, kíndìnrín ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, nítorí náà òun ni ọ̀pọ̀ dókítà jẹjẹrẹ máa ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí inú máa bí èèyàn ṣáá, kò sì lè rọ́pò carbamazepine fún ẹni tó jẹ́ pé nítorí ìṣesí ọkàn ló ṣe ń lò ó. Lamotrigine náà kì í ra ẹ̀rọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó má baà bó èèyàn lára. Ní ti ìṣesí ọkàn, olanzapine tilẹ̀ lè fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì: ó ń mú ọkàn balẹ̀, ó sì wà lára oògùn tí wọ́n fi ń dá èébì kímò dúró.

Pípààrọ̀ kì í ṣe nǹkan àárọ̀ ọjọ́ kímò. Bí ìsọ̀ ṣe gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó kún, bẹ́ẹ̀ ló máa gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ẹ̀rọ tó dín kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ojú ń tì wá láti sọ

Wárápá kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn ní Igbó-Ọrà jáde: 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní in. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì gbà pé itọ́ ẹnu oníwárápá ń ran èèyàn, wọn ò sì ní fẹ́ jẹun nínú abọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí kò ní máa sọ ọ́ kiri ní iyàrá tí èèyàn mẹ́wàá ti jókòó gba kímò. Ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ kò tilẹ̀ ní la ẹnu.

Ní Bwari, ojú ọ̀nà náà tún jìn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Bwari fúnra rẹ̀ àti ní Kubwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba kímò lè ní láti lọ sí National Hospital láàárín ìlú, tàbí kó la FCT já dé ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Gwagwalada. Fáìlì kì í bá èèyàn wọ mọ́tò. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni fáìlì.

Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti oògùn ibà, kó o sì gbé e síwájú dókítà. Oògùn ibà kì í ṣe àfikún lásán: carbamazepine àti phenytoin máa ń lọ artemether-lumefantrine náà dànù, ibà kò sì dára fún ẹni tí kímò ti gba ọmọ ogun ara rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ kí àwọn tó yí ọ ká gbọ́, kọ ọ́ sínú ìwé, kó o fi lé dókítà lọ́wọ́.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, iṣẹ́ kékeré kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá na àpòòwé "1 × 2" sí ọ láti ojú fèrèsé, má tíì kúrò níbẹ̀. Dá a padà sí wọn, kó o ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sí i."